Ọpọ́n omi àwọn ẹran mi ń yọ̀, ẹ jọ̀ọ́ kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹran. Ẹṣin méjì àti màlúù mẹ́rin ni mo ní, ọpọ́n sìmẹ́ǹtì kan tó gba nǹkan bíi lítà 400 ni gbogbo wọn ti ń mumi. Bí mo bá fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Ajé, kó tó di Ọjọ́bọ̀, ara rẹ̀ á ti máa yọ̀, omi á ti di àwọ̀ ewé. Oòrùn ń pa á láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, mo sì fura pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Àwọn màlúù ń mu ún bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ẹṣin á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á yí orí kúrò. Ohun tó ń já mi láyà nìyẹn, torí ẹṣin tí kò bá mumi tó, inú rírun lè gbé e ṣánlẹ̀.

Ẹnì kan ní kí n da bílíìṣì díẹ̀ sí i. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé ẹ ti ṣe é rí? Báwo lẹ ṣe wọ̀n ọ́n? Àbí kí n kàn fi òrùlé bò ó, kí n sì ṣe ọpọ́n kékeré lọ́tọ̀ fún àwọn ẹṣin? Ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.