Sẹ́ńtírà lọ́ọ̀kì motorhome mi ń tì, ó tún ń ṣí ara ẹ̀ padà

AlárìnkáOnílé:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin tèmi. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí sẹ́ńtírà lọ́ọ̀kì (èyí tó ń ti gbogbo ilẹ̀kùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan) motorhome mi, ọkọ̀ tí wọ́n kọ́ ilé sí, ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo bá tẹ rìmóòtù, ilẹ̀kùn awakọ̀ á tì gbà, ti ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ á kàn dún kẹ̀rẹ̀ báyìí, kí n tó yíjú gbogbo ẹ̀ á tún ti ṣí padà. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tí a ń gbà wọ inú ilé ní tiẹ̀ ò dá sí ọ̀rọ̀ náà rárá. Lọ́jọ́ míì ẹ̀wẹ̀, tí inú bá ti bí mi tí mo gbá ilẹ̀kùn iwájú yẹn mọ́ra gbàgà, á tì dáadáa bíi pé kò sí nǹkan tó ṣe é rí.

Mo ti pààrọ̀ bátìrì rìmóòtù. Mo ti wo fíúsì, kò jó. Rewáyà tí mo gbé e lọ bá ò tú nǹkan kan, ó kàn tẹ rìmóòtù lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kọ̀ǹpútà tó ń darí lọ́ọ̀kì ló ti kú, pé kí n lọ ra òmíràn. Ọkàn mi ò gbà á. Inú ọkọ̀ yìí la máa ń sùn, èmi, ìyàwó mi àti ọmọ, ẹ wá wò ó kí ilẹ̀kùn ṣí fúnra ẹ̀ láàárín òru. Kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí n tó náwó?

BàbáWáyà:
Àbúrò, dákun má tíì ra kọ̀ǹpútà kankan. Tí ilẹ̀kùn awakọ̀ bá ń gbọ́ rìmóòtù, rìmóòtù ti bọ́ lọ́wọ́ ẹjọ́ nìyẹn. Ibi tí mo ti gbọ́ ohun tí mò ń wá ni ibi tó o ní tó o bá gbá ilẹ̀kùn ó máa ń ṣiṣẹ́. Páṣà kọ́ńtáàtì nìyẹn, wáyà ti já síbì kan àmọ́ ẹnu ẹ̀ ṣì ń kanra lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rè é. Nínú lọ́ọ̀kì ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, mọ́tò kékeré kan wà tó ń tì tó ń ṣí, swíìṣì tíntín kan tún wà níbẹ̀ tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé "mo ti tì o". Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, tí ilẹ̀kùn kan ò bá dáhùn, kọ̀ǹpútà á gbà pé kò tì, á sì ṣí gbogbo wọn padà. Torí náà kò ya wèrè, iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe.

Ṣí ilẹ̀kùn ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ yẹn gbayawu, wo ibi tó ti so mọ́ ara ọkọ̀, wàá rí rọ́bà dúdú kan tó ní ìlà yíká bí ekòló ńlá, inú ẹ̀ ni gbogbo wáyà ilẹ̀kùn ń gbà kọjá. Gbogbo ìgbà tó o bá ṣí ilẹ̀kùn wọ́n á nà, tó o bá pa á dé wọ́n á ká, bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún títí bàbà inú wọn á fi já. Ẹ̀tàn tó wà níbẹ̀ ni pé ara wáyà lè má lá, inú ló ti já, tó o bá kàn fojú wò ó wàá ní kò sí nǹkan. Yọ rọ́bà yẹn kúrò ní ara ọkọ̀, di wáyà kọ̀ọ̀kan mú lọ́wọ́ méjèèjì kó o fà á díẹ̀. Èyí tí bàbà ẹ̀ ti já á máa nà bíi rọ́bà ìdí ṣòkòtò.

Má sì gbára lé mítà tí wọ́n fi ń wọn iná nìkan. Wáyà tó ku fọ́nrán bàbà kan ṣoṣo á ka 12V fún ẹ láìṣẹ́jú, torí mítà ò fẹ́rẹ̀ẹ́ fa iná kankan, àmọ́ kí mọ́tò lọ́ọ̀kì bẹ̀rẹ̀ sí í fà, 12 yẹn lè di 4. Yọ pulọ́ọ̀gì mọ́tò, gbé gílóòbù 21W sí ẹnu wáyà méjì tó ń bọ̀ wá bá a, kí ẹnìkan máa tẹ rìmóòtù. Iná yẹn kì í pẹ́ rárá, ó ń kọ mọ̀nà ni, torí ẹ̀ má ṣẹ́jú. Tó bá tàn yòò, wáyà dáa, mọ́tò ni kó o bá ṣẹjọ́. Tó bá pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí ojú ẹni tí ò sùn, wáyà ni. Wáyà mọ́tò nìkan o! Wáyà swíìṣì wọnú kọ̀ǹpútà tààrà, tó o bá gbé gílóòbù síbẹ̀, ìgbà yẹn lo máa wá ra kọ̀ǹpútà tí wọ́n ní kó o rà. Tó o bá sì rí pulọ́ọ̀gì aláwọ̀ yẹ́lò níbikíbi, ti áábáàgì (báàgì tó ń wú jáde tí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan) sábà máa ń jẹ́, má fọwọ́ kàn án.

Ṣàṣàyàn:
Ẹ fín epo sí lọ́ọ̀kì yẹn kẹ̀, tèmi ṣe bẹ́ẹ̀ ó sì dáa. Tàbí kẹ̀ kí ẹ fi fíúsì tó tóbi díẹ̀ síbẹ̀.

ÌyáOnímọ́tò:
Ṣàṣàyàn, fíúsì tó tóbi kẹ̀? Wọ́n ní fíúsì ò jó. Tó bá tiẹ̀ ń jó, a jẹ́ pé wáyà ti bíríìjì síbì kan nìyẹn, tí wọ́n bá wá fi èyí tó tóbi síbẹ̀ wáyà ló máa jó dípò fíúsì, nínú ilé onípátákó tí ọmọdé ń sùn sí. Epo dáa fún lọ́ọ̀kì tó le, kò lè so wáyà tó já.

Ọ̀gá tó béèrè, ọ̀rọ̀ Bàbá wọlé, àmọ́ ó dà bíi pé ọ̀tọ̀ ni ẹjọ́ ilẹ̀kùn ilé yẹn. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ kọ́ ló sábà máa ń fi ilẹ̀kùn yẹn sí, àwọn tó kọ́ ilé sórí ẹ̀ ni, àwọn náà ló ń fa wáyà láti iwájú wá síbẹ̀. Nígbà tí mo tú pátákó ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn tèmi, kílíìpù búlúù méjì ni mo bá, irú èyí tí wọ́n ń fi píláyà tẹ̀ mọ́ wáyà tí irin inú ẹ̀ á gé rọ́bà wọlé. Nǹkan ọ̀lẹ gbáà. Irin yẹn lè gé lára bàbà, omi sì ń rọ́nà wọlé. Bàbà tèmi ti di àwọ̀ ewé, ó ń rún bí eérú lọ́wọ́ mi. Mo gé e títí mo fi kan ibi tó ń dán, mo wá fi jọ́íńtì tuntun tì í.

Wáyà méjì péré ló ń lọ sí mọ́tò ilẹ̀kùn ilé tèmi. Tó bá ń tì, ọ̀kan pọ́sítíìfù ọ̀kan nẹ́gétíìfù, tó bá ń ṣí wọ́n á gba ipò ara wọn. Mo so wọ́n sódì lákọ̀ọ́kọ́, làwọn tó kù bá ń tì, ni tèmi bá ń ṣí, ẹ̀rín pa mí.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ rántí pé bátìrì méjì ló wà, ti ọkọ̀ àti ti ilé. Tí ẹ bá yọ nẹ́gétíìfù ti ọkọ̀ nìkan, iná lè ṣì wà lára ilẹ̀kùn ilé. Tí ẹ bá ní sólà, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ kí ẹ tó fọwọ́ kan bátìrì ilé. Kí ẹ sì sọ gíláàsì wíńdò kan sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ lápò. Mi ò ní sọ bí mo ṣe kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn.

Ṣàṣàyàn:
Mo ti gbọ́ mà, ẹ má bínú. Tó bá wá rí wáyà tó já nínú rọ́bà yẹn ńkọ́, ṣé kó kàn jó o ní lẹ́ẹ̀dì kó wé tépù?

BàbáWáyà:
Kì í ṣe ní ojú ibẹ̀. Lẹ́ẹ̀dì ń sọ wáyà di igi ni, ibi tó ń ká tó ń nà ò sì fẹ́ igi, ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀dì gan-an ló tún máa já. Kó gé apá tó ti rẹ̀ kúrò, kó fi wáyà tuntun tí fọ́nrán ẹ̀ pọ̀ tó sì rọ̀ gùn ún, kí jọ́íńtì ọ̀kan wọ inú ilẹ̀kùn, kí ìkejì wọ inú ara ọkọ̀, kí ibi tó ń ká wà láìní jọ́íńtì. Kó má sì ko gbogbo jọ́íńtì sójú kan, tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ ó máa wú bí ọ̀pọ̀lọ́, rọ́bà ò ní lè bò ó. Ọ̀ràá tó wà lẹ́yìn pátákó ilẹ̀kùn, kó lẹ̀ ẹ́ padà bó ṣe bá a, òun ni kì í jẹ́ kí omi òjò wọlé.

AlárìnkáOnílé:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní rí ogun ojú. Mo fa àwọn wáyà yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, méjì nà lóòótọ́, ìkẹta já sí mi lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó nà, dúdú kan tó nípọn, nẹ́gétíìfù gbogbo ilẹ̀kùn yẹn ni. Mo wá rántí pé wíńdò ẹ̀gbẹ́ yẹn ti ń gòkè bí ìgbín láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì ti ń bú mọ́tò wíńdò látàárọ̀! Mo gùn wọ́n bí ẹ ṣe wí, wíńdò ń sáré, ilẹ̀kùn tì, kò ṣí padà. Mo tẹ rìmóòtù bí ìgbà ogójì, ọmọ mi ń kà á.

Ìyá, kílíìpù búlúù ni mo bá lábẹ́ àtẹ̀gùn lóòótọ́, ẹyọ kan. Òdìkejì ẹ̀ nìkan ló ti dógùn-ún. Mo ti gé e sọnù, ilẹ̀kùn ilé náà ti ń dáhùn. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ní ó kú náà ló ń darí gbogbo ẹ̀ báyìí o.

ÌyáOnímọ́tò:
Ẹ kú oríire. Ṣé ẹ wo rọ́bà ilẹ̀kùn awakọ̀? Òun ni wọ́n ń ṣí jù.

AlárìnkáOnílé:
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé láti ìdí ẹ̀ ni mà. Ọ̀kan ti ń nà.