Níbo lẹ ti dé ní Òkè Ọya tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀?

Ìyá Ìbejì, Kúbwà:
Ẹ̀yin ará ilé, gbogbo ẹni tí mo mọ̀ ní Àbújá, owó Dubai ni wọ́n ń tù jọ. Èmi ò bá wọn jà. Bídà lèmi fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ìlú àwọn Tápà, àwọn tí ìtàn ní ọ̀dọ̀ wọn ni ìyá Ṣàngó ti wá. Kì í ṣe idẹ ló gbé mi lọ, torí ta ni ò mọ idẹ Bídà? Àdúgbò kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Masaga, àwọn tó ń fi ìgò ṣe ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà ọwọ́. Ìgò ọtí tí a ń jù sórí ààtàn, òun ni wọ́n ń yọ́.

Ahéré ribiti ni wọ́n ti ń ṣe é, ìléru amọ̀ wà láàárín rẹ̀. Ọkùnrin kan jókòó ti ẹwìrì, ó ń fín in láìsinmi, àwọn yòókù jókòó yí iná ká. Ooru yẹn kì í ṣe ti ẹnu! Ọ̀kan nínú wọn fi ọ̀pá irin fa ìgò tó ti yọ́ jáde, ó pọ́n rokiroki, ó ń fà bí oyin. Ó ń yí irin náà lọ́wọ́, ó ń fi irin pẹlẹbẹ mìíràn tẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí n tó ṣẹ́jú ó ti gbọ̀n ọ́n bọ́ sílẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ kan dé. Bí ìgò bá jẹ́ aláwọ̀ ewé, ìlẹ̀kẹ̀ á jẹ́ aláwọ̀ ewé. Kẹ́hìndé mi bi wọ́n bóyá ìgò Malt tó wà lọ́wọ́ òun náà lè di ìlẹ̀kẹ̀. Bàbá tó ń fín ẹwìrì rẹ́rìn-ín, ó ní kó mu ún tán ná. Háúsá ọjà Kúbwà ni mo fi ń bá wọn sọ ọ́, ó sì tó wa.

Ọ̀nà Lápáì sí Agaie, ẹ má bi mí léèrè. Ẹ gbé ọkọ̀ tó ga, kẹ́ ẹ sì tètè jáde láàárọ̀ kílẹ̀ má baà ṣú bá yín lọ́nà.

Awakọ̀ Nyanya:
Ẹ kú ìrìn o, Ìyá Ìbejì. Ẹ̀yin tí ò ní owó epo, ẹ wo owó tó wà lápò yín. Ọgọ́rùn-ún náírà ti àtijọ́, Awólọ́wọ̀ wà níwájú, àpáta Zuma wà lẹ́yìn. Gbogbo wa la ń kọjá níwájú Zuma, a ń pè é ní ti Àbújá, bẹ́ẹ̀ ìpínlẹ̀ Niger ló wà. Ẹ wá yí ogún náírà padà: obìnrin tó ń mọ ìkòkò lẹ́yìn rẹ̀ yẹn, Ladi Kwali ni, ọmọ Kwali wa níbí. Ilé ìkòkò tí òyìnbó kan, Michael Cardew, dá sílẹ̀ ní Suleja ló ti di ẹni tí ayé mọ̀. Mo ti gbé èrò lọ sí Ushafa náà, lápá Bwari, níbi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò. Clinton ti Amẹ́ríkà dé ibẹ̀ ní 2000. Mi ò ní parọ́ fún yín, ìkòkò àti òkè ni ẹ máa rí, ẹ ó sì padà délé kí oúnjẹ ọ̀sán tó tutù.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Jos:
Wọ́n bí mi sí Jos, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n bí bàbá mi. Títí mo fi dàgbà, mi ò wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà nínú ìlú wa, àfi ìgbà tí àlejò dé láti Ìbàdàn tó ní òun fẹ́ rí orí Nok, àwọn ère amọ̀ ayé àtijọ́. Àwọn tó ń wa kùsà ló kọ́kọ́ hú ère wọ̀nyí jáde ní 1928, ní abúlé Nok, tó wà ní ìpínlẹ̀ Kaduna lónìí. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni orí kan tí akọ̀wé níbi ìwakùsà gbé lọ sílé, tó fi ṣe aṣọ́komásùn nínú oko iṣu. Nígbà tó di 1943 ni Bernard Fagg, òyìnbó awalẹ̀pìtàn, tó rí i. Ohun tó lé ní 2,000 ọdún, ó ń lé ẹyẹ! Ẹ sún mọ́ wọn dáadáa kẹ́ ẹ wo ojú wọn: onígun mẹ́ta ni, wọ́n sì dá ẹyinjú lu. Bẹ́ ẹ bá jáde síta, ẹ má tíì lọ sílé. Àwòkọ odi Kánò àti ti mọ́sálásí Zaria wà lágbàlá ibẹ̀, wọ́n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe tóbi gẹ́lẹ́.

Ọmọ Ìlá:
Gurara, ní ìpínlẹ̀ Niger, níbi tí omi ti ń já láti orí àpáta, ni èmi lọ. Omi ń dà gììrì, ó dára lójú, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ gbé ẹ̀rọ orin wá débi pé a ò gbọ́ ohùn omi. Bí ẹ bá máa lọ, ẹ má lọ lọ́jọ́ ọdún.

Bàbá Ṣadé, Lugbe:
Yankari, igbó ọba tí wọ́n ti ń dáàbò bo ẹranko, ní Bauchi. Omi Wikki tó ń sun níbẹ̀ yẹn nìkan tó mí. Kò gbóná, kò tutù, bó ṣe lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́sàn-án ló ṣe máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ lóru, ó sì mọ́ tó fi jẹ́ pé ẹ ó máa ka ìka ẹsẹ̀ yín lórí iyanrìn. Ìyàwó mi tí kì í fẹ́ wẹ̀ nínú odò, òun la bẹ̀ kó jáde. Ẹ ṣọ́ oúnjẹ yín o! Àwọn ọ̀bọ ńlá ibẹ̀ ti mọ ìlẹ̀kùn ọkọ̀ ju awakọ̀ lọ. Ọ̀kan gbé odidi búrẹ́dì wa, ó jókòó sórí òrùlé, ó ń wò wá bó ṣe ń jẹ ẹ́.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kẹ́ ẹ lọ, nígbà tí koríko bá ti gbẹ, tí àwọn ẹranko ń wá mu omi lódò Gaji. Wọ́n ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Tiwa, fìrí náà ni: ẹ̀yìn àti etí láàárín igi, ó tán. Ìmàdò la rí yó.

Àgùnbánirọ̀ àtijọ́:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìgbádùn. Taraba ni wọ́n gbé èmi lọ, ìyá mi sunkún. Ìgbà tí mo gun òkè Mambila dé Gembu lẹ́kún náà tó dá. Òtútù! Súwẹ́tà ni mo fi ń sùn, ní Nàìjíríà yìí kan náà. Oko tíì wà ní Kakara, wọ́n gé orí ewé rẹ̀ dọ́gba láti ìdí òkè dé òkè, màlúù ń jẹ̀ lódìkejì. Apá ibẹ̀ náà ni Chappal Waddi wà, òkè tó ga jù ní Nàìjíríà, 2,419 mítà. Ọ̀nà jìn, ẹ má fi òpin ọ̀sẹ̀ ṣe é.

Ìyá Ìbejì, Kúbwà:
Ẹni tó bi mí nínú àpótí nípa Sukur, ìlú àtijọ́ orí òkè ní Adamawa: mi ò tíì débẹ̀. Ó wù mí, torí òun ni ibi àkọ́kọ́ tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní Nàìjíríà, ní 1999, kí wọ́n tó mú Ọ̀ṣun Òṣogbo ní 2005. Ṣùgbọ́n Boko Haram jó ibẹ̀ ní 2014. Ẹ bi ará ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ má gba ti fọ́tò orí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́.

Awakọ̀ Nyanya:
Èmi ń gbé èrò lọ sí Farin Ruwa, níbi tí omi ti ń já láti orí àpáta, ní Wamba, ìpínlẹ̀ Nasarawa, bí òjò bá ti ń dáwọ́ dúró. Omi á ṣì kún nígbà náà, ọ̀nà ẹsẹ̀ ò sì ní yọ̀ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ, bàtà tó dì mọ́ ẹsẹ̀ ni kó wọ̀, kò gbọdọ̀ jẹ́ sílípáàsì o.