Ó ti yanjú: bọ́tìnì orin tí kò dá extension lóhùn

Ẹ ṣeun gbogbo yín tí ẹ dá sí i. Ìṣòro tí mo gbé wá ni pé bọ́tìnì ìdádúró àti ti orin tó kàn lórí kíbọ́ọ̀dù kò ṣiṣẹ́ fún extension (ètò kékeré tí a ń fi kún aṣàwákiri) tó ń darí orin nínú Chrome, bẹ́ẹ̀ bí mo bá fi máòsì tẹ àmì rẹ̀, orin ń dúró.

Chrome fúnra rẹ̀ ló ń gba bọ́tìnì wọ̀nyẹn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ extension. Ẹ kọ chrome://flags/#hardware-media-key-handling síbi àdírẹ́sì, ẹ yí i sí Disabled, kí ẹ sì tẹ Relaunch kí Chrome lè tún bẹ̀rẹ̀. Láìtẹ Relaunch, kò sóhun tó máa yí padà. Lórí Firefox, about:config ni ẹ máa lọ, kí ẹ sọ media.hardwaremediakeys.enabled di false.

Ẹni tó bá ń lo àkópọ̀ bọ́tìnì bíi Alt+Shift+P, kó yan Global ní chrome://extensions/shortcuts. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó dìgbà tí fèrèsé Chrome bá wà níwájú kó tó jẹ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbójú fò rèé: táàbù orin tó ti wà ní ṣíṣí kí ẹ tó fi extension sí i sábà máa ń ya odi sí i. Ẹ tẹ F5 lórí rẹ̀ kó lè tún ṣí.