Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ará ilé mi kò gbà pé ADHD ló ń ṣe mí

Ẹ kú ilé o. Obìnrin ẹni ọdún 34 ni mí, Ìbàdàn ni mò ń gbé. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni dókítà ọpọlọ sọ fún mi pé mo ní ADHD, ìyẹn ìṣòro ọpọlọ tí kì í jẹ́ kéèyàn lè pọkàn pọ̀ tàbí kó fara balẹ̀. Ìyá mi ní àìfarabalẹ̀ lásán ni, pé ta ni kì í gbàgbé nǹkan? Ọkọ mi ní àrùn ọmọdé ni, pé ṣebí mo kàwé gboyè.

Ó ń dùn mí gan-an, torí kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Ìlànà DSM-5, ìwé táwọn dókítà ọpọlọ fi ń dá irú ìṣòro báyìí mọ̀, tó jáde ní 2013, sọ pé àwọn àmì kan gbọ́dọ̀ ti hàn kí èèyàn tó pé ọdún 12. Tèmi hàn: káàdì èsì ilé-ìwé mi kún fún "ó lọ́pọlọ, ṣùgbọ́n kì í fọkàn sí iṣẹ́." Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló tọ́jú wọn!

Oògùn methylphenidate ń ràn mí lọ́wọ́, àmọ́ ọkọ mi fẹ́ kí n dáwọ́ rẹ̀ dúró, ẹ̀rù ń bà á pé yóò di bárakú sí mi lára.

Ẹ̀yin tírú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ sọ fún àwọn ará ilé yín? Ṣé kí n mú ọkọ mi lọ bá dókítà? Màmá mi ńkọ́, báwo ni mo ṣe lè ṣàlàyé tí kò fi ní dà bíi pé mò ń bá wọn jiyàn?