Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ògiri tí ọ̀dà rẹ̀ ń bó
Mo wá jábọ̀ ọ̀rọ̀ ògiri pálọ̀ Màmá wa n'Íbàdàn, èyí tí mo bèèrè ìdí tí ọ̀dà rẹ̀ fi ń bó lẹ́yìn tí a kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Òótọ́ ni ẹni tó ní kí n wo ẹ̀yìn ilé sọ: inú ebè ewúro tí Màmá kọ ti ara ògiri, tí à ń bomi rin láràárọ̀, ni omi ti ń wọ búlọ́ọ̀kù. Mo kó iyẹ̀pẹ̀ kúrò, mo ha ọ̀dà tó ti wú bí àkàrà, ògiri sì gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó tún un kùn. Mo gé ọ̀pá ewúro náà, mo rì í sí ìdí ọgbà, torí nídìí ewúro yẹn ni Màmá ti kọ́ mi bí a ṣe ń fọ ewúro. Ó ti ń rúwé. Ẹ ṣeun o.