Ẹ gbà mí, wọ́n ti mú màlúù mi nínú igbó ìjọba

Ìyá Olùkọ́: Ẹ̀yin ará, orí mi dàrú. Owó ìfẹ̀yìntì mi ni mo fi ra màlúù méje, tí mo fi wọ́n sọ́dọ̀ Fúlàní kan ní gáà ẹ̀yìn ìlú wa, ní Òkè-Ògùn. Pupa kan wà nínú wọn tó ní àmì funfun níwájú orí. Tó bá ti gbọ́ ohùn mi báyìí, á máa bọ̀. Àwọn tó ń ṣọ́ igbó ìjọba kó mẹ́rin, òun náà wà níbẹ̀! Wọ́n ní ká wá san owó ìtanràn. Darandaran ò gbé ìpè mi, ìyàwó ẹ̀ tó ń gbé wàrà wá fún mi ní gbogbo Jímọ̀ ò yọjú. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Ọdẹ: Màmá, ẹ lọ sanwó. Òfin ò gba ẹran ọ̀sìn láyè níbẹ̀. Ilẹ̀ tí bàbá bàbá mi ti ṣọdẹ wà nínú Old Oyo National Park tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991. Àwa ò wọ̀ ọ́ mọ́, kí ló dé tí màlúù á máa wọ̀ ọ́?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ewúrẹ́ tèmi jẹ ẹ̀wà olóko lọ́dún kan, ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Baálẹ̀. N ò sin ewúrẹ́ mọ́ láti ìgbà náà.

Ọmọ Gáà: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Fúlàní ni mí, Òkè-Ògùn ni wọ́n bí mi sí. Àwa kì í pa ẹran igbó jẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn. Àmọ́ tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, koríko á jóná, oko ti dí ọ̀nà tí àwọn bàbá wa ń gbà, omi tó kù wà nínú igbó yẹn. Màmá, ta ló ń ra oúnjẹ ẹ̀ẹ̀rùn fún wọn?

Ọmọ Ọdẹ: Ta ló ń gé igi àpá? Mo fojú mi rí i: igi ńlá, wọ́n gé gbogbo ẹ̀ka ẹ̀, ó dúró gbagidi bí òpó iná.

Ọmọ Gáà: Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni. Èmi náà ti gé e rí. Ewé àpá ló máa ń tutù nígbà tí koríko bá ti gbẹ tán.

Dókítà Ẹran: Ẹ rántí àìsàn o. Rinderpest tó pa màlúù rẹpẹtẹ ní Nàìjíríà ní 1983, ó ń ran àwọn ẹran igbó bí ẹfọ̀n náà. Ìyẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀ láyé láti 2011, àmọ́ àwọn mìíràn ṣì wà. Màmá, ṣé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí?

Ìyá Olùkọ́: Ẹ ń jà nítorí igi, màlúù mi ń jìyà! N kì í ṣe ahun. Darandaran béèrè owó ewé ẹ̀pà àti èèpo ẹ̀gẹ́ tí wọ́n máa jẹ, mo ní kó ṣe sùúrù. Mo kàn ní kó dà wọ́n lọ síbi tí koríko bá wà.

Ọmọ Gáà: Màmá, ibo ni koríko wà?

Ìyá Olùkọ́: Mo mọ ibẹ̀. Wọ́n mú darandaran náà lọ́dún tó kọjá. Èmi ni mo fọwọ́ síwèé pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́.

Dókítà Ẹran: Ẹ mú ìwé náà dání. Ẹ pe Baálẹ̀ àti Séríkí Fúlàní kí wọ́n bá yín lọ, ẹ má sì di ẹ̀bi ru darandaran.

Ìyá Olùkọ́: Ìyàwó ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí. Ọkọ ẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti ìjẹta, ó ní òun ò lè fi àwọn màlúù sílẹ̀. Òun ló ń pọn omi fún wọn. Mò ń lọ láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ ẹni tó ń ta èèpo ẹ̀gẹ́ lápá Ṣakí?