Ìró tí a ń wá orísun rẹ̀: ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ìrírí yín

Ọlọ́rédíò Ọ̀fà: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ní ìgbà ọyẹ́ tó kọjá, àrùn kan náà ló ń ṣe gbogbo rédíò tí àwọn ènìyàn ń gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi: bí iná bá ti dé, ìkànnì AM á bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí epo gbígbóná tí wọ́n da àkàrà sí. Mo tú mẹ́ta nínú wọn, n kò rí àléébù kankan, ìgbà náà ni ó yé mi pé ìta ni àrùn náà ti ń wá. Mo mú rédíò kékeré kan tó ń lo bátìrì. Ọ̀pá dúdú kan wà nínú irú rédíò bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi wáyà tín-ín-rín wé; bí ẹ bá ń yí i, ìgbà tí orí ọ̀pá náà bá kọjú gan-an sí ibi tí ìró ti ń wá ni ìró máa ń lọ sílẹ̀ jù. Ìdákẹ́ yẹn ni mo tẹ̀ lé, nítorí etí tètè mọ ibi tí ariwo ti dákẹ́ ju ibi tí ó ti pọ̀ jù lọ. Mo dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, mo yí i díẹ̀díẹ̀ títí tó fi dákẹ́, mo fa ìlà sórí bébà. Mo rìn dé ẹ̀yìn ọjà, mo tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé, opó iná kan ló wà níbẹ̀. Àwo tánganran orí rẹ̀ ti sán, eruku ọyẹ́ ti bò ó, nígbà tí ilẹ̀ sì ṣú ni mo rí iná kéékèèké tó ń ṣẹ́ yẹ́ríyẹ́rí lára rẹ̀. Ta ló tún ti wá orísun nǹkan báyìí rí?

Ìyá Ìbejì, Adéwọlé: Ẹ kú làákàyè. Ṣé wọ́n tún un ṣe?

Ọlọ́rédíò Ọ̀fà: Wọ́n tún un ṣe, mà, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti kọ nọ́ńbà opó náà sínú lẹ́tà.

Ọmọ Ìgbàjà: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mo ṣe iyèméjì díẹ̀. Ní àdúgbò tiwa, ìnfátà aládùúgbò kan ni gbogbo wa dá lẹ́bi fún irú ariwo yẹn, títí tí ọkùnrin náà fi pa á fún ọjọ́ méjì gbáko tí ariwo kò sì dín. A bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà. Kí ènìyàn pa nǹkan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó sì máa gbọ́ ìyàtọ̀, èyí ni mo gbẹ́kẹ̀ lé ju ìlà orí bébà lọ.

Tíṣà Ọ̀mù-Àrán: Ẹ̀yin méjèèjì ló gba ọ̀nà tó tọ́. Ní Parkes, ní Ọsirélíà, awò ńlá tí wọ́n fi ń gbọ́ ìró láti ojú ọ̀run ti ń gba ìró kúkúrú kan láti ọdún 1998. Ojú 13 ni ẹ̀rọ náà fi ń wo ọ̀run lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó bá wá láti ọ̀nà jíjìn kò lè hàn ju ojú kan tàbí ìwọ̀nba díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìró yìí hàn nínú gbogbo wọn, èyí sì fi hàn pé ìtòsí ni ó wà. Ọdún 2015 ni wọ́n tó mọ̀ pé ẹ̀rọ máíkíróweéfù tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń gbé oúnjẹ gbóná ni, bí ẹnìkan bá ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ kí ó tó parí iṣẹ́.

Bàbá Àgbò, Ìlọrin: Àgbò Iléyá mi já okùn lẹ́bàá Òkè Sóbì, mo gbọ́ igbe rẹ̀ ketekete, mo gba ọ̀nà òkè lọ, ẹ̀yìn mi ló wà. Òkúta ló ń dá ohùn rẹ̀ padà.

Ìyá Ìbejì, Adéwọlé: Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣé ẹ rí i?

Bàbá Àgbò, Ìlọrin: A rí i, alhamdulillah.

Tíṣà Ọ̀mù-Àrán: Ìyàtọ̀ àsìkò tí ìró fi ń dé etí ọ̀tún àti etí òsì kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, síbẹ̀ ọpọlọ ń kà á. Ṣùgbọ́n bí òkè bá dínà ìró tó ń bọ̀ tààrà, èyí tó ta padà lára òkúta nìkan ni yóò rí kà. Mo sì fẹ́ fi èyí kún un: ìlà méjì tó fún Ọlọ́rédíò nítorí pé ó mọ ìhà tí ìró ti ń wá. Ọ̀nà tí a kọ́kọ́ ń fi kọ́ àwọn ọmọ nípa ìmìtìtì ilẹ̀ kò béèrè ìhà, bí ọ̀nà ti jìn tó ni ó ń béèrè. Ilẹ̀ ń rán ìgbì méjì jáde pọ̀, ọ̀kan yára ju ìkejì lọ. Bí èyí tó yára bá fi ìṣẹ́jú-àáyá 10 ṣáájú, orísun jìnnà tó nǹkan bí kìlómítà 80. Láti Ìlọrin, ṣé ìhà Ògbómọ̀ṣọ́ ni àbí ìhà Jẹ́bà? A ó ya òbìrìkìtì yí Ìlọrin ká, èyí tí a yà láti ìlú kejì yóò gé e ní ojú méjì, ẹ̀kẹta ni yóò sọ èwo ni òótọ́.

Ọmọ Ìgbàjà: Ẹ̀kẹta kò pọn dandan. Bí wọ́n bá ti rí ògiri tó sán ní ojú kan, kí ni a tún ń wá?

Tíṣà Ọ̀mù-Àrán: Bí ó ti jìn sísàlẹ̀ tó, àbúrò mi. Nígbà tí ilẹ̀ mì ní Mpape, ní Àbújá, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, ògiri kò lè sọ ìyẹn.

Alhaja Ọjà Ọba: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Wárápá ń ṣe ọmọ ọmọbìnrin mi. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n lẹ wáyà káàkiri orí rẹ̀, èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú kí ó má baà fà wọ́n tu. Dókítà ní ìlà inú bébà kò fi bẹ́ẹ̀ là, pé ohun tí a ń kà lórí awọ orí lè ti ibi púpọ̀ wá nínú ọpọlọ, àti pé orísun méjì tó yàtọ̀ síra lè mú ìlà kan náà jáde. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n mo ti fi fóònù ya fídíò rẹ̀ nígbà kan tí ó mú un, mo sì fi hàn án. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní kí n wo ìka ọ̀tún rẹ̀, pé òun ló kọ́kọ́ gbọ̀n kí ara tó kù tó tẹ̀ lé e. Ó ní ìhà òsì ọpọlọ ni kí wọ́n ti máa wá a.

Ọmọ Ìgbàjà: Ọlọ́run á tọ́jú rẹ̀, Alhaja. N kò rò pé fídíò fóònù lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọlọ́rédíò Ọ̀fà: Ọwọ́ ọ̀tún náà ńkọ́ báyìí, mà?

Alhaja Ọjà Ọba: Ó ń lo oògùn rẹ̀. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ tí kò gbọ̀n mọ́.